Ẹ̀gẹ́ Ọjọ́ Méjì

Etí òsì mi kò gbọ́ràn. Àwọn ọmọ ọmọ mi ti mọ̀, apá ọ̀tún ni wọ́n ń gbà bá mi sọ̀rọ̀. Àlejò nìkan ló máa ń jókòó sí òdìkejì, tí á sì máa rò pé ìgbéraga ni mò ń ṣe. Ọmọ odó ló fọ etí náà. Obìnrin ló mú ọmọ odó ọ̀hún lọ́wọ́, kò sì jẹ̀bi. Bó bá sì jẹ̀bi, ẹ̀bi tèmi ló ṣáájú tirẹ̀. Ogun abẹ́lé kò tíì parí pẹ́ nígbà náà, mo sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìlera ìlú, èyí tí àwọn èèyàn wa ń pè ní iṣẹ́ wolé-wolé. Ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí n lè lọ oko mọ́ báyìí, mo ráyè, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Mo fi ọdún kan lé e ní mọ́dà, bàbá mi sì ní ó tó. Ó ti rí ọkọ fún mi ní Àkótógbó, bàbá àgbà kan tó ní oko ọ̀pẹ, tó ní ìyàwó mẹ́ta, tí eyín iwájú rẹ̀ méjì sì ti lọ. Mo ní mi ò lọ. Bàbá mi fi pẹlẹbẹ àdá nà mí lẹ́yìn, ó nà mí títí àdá fi yí lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ tó mú sì bà mí ní èjìká. Àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ títí dòní. Nígbà tó rí ẹ̀jẹ̀, ó sọ àdá sílẹ̀, ó jókòó sórí odó tó dojú bolẹ̀, ó ń mí hẹlẹ. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti gbẹ́nu sọ̀rọ̀. Ó ní òun gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Erínjẹ pé wọ́n ń wá àwọn ọmọbìnrin tó mọ̀wé díẹ̀ tí wọ́n máa kọ́ ní ìmọ́tótó àti ìlera ìlú fún ọdún kan ní Òkìtìpupa. Ìdí tí wọ́n fi ń wá obìnrin ni pé àwọn ọkùnrin wolé-wolé ń wọ ẹ̀yìnkùlé obìnrin láìkan ilẹ̀kùn, àwọn obìnrin sì ti da epo gbígbóná sí ọ̀kan lára wọn lẹ́sẹ̀.

Bàbá mi kò wo ojú mi nígbà tó dáhùn. Ó ní, “Ọdún kan. Bó o bá mú ìwé-ẹ̀rí wálé, mo gbẹ́nu mi dúró. Bó ò bá mú un wálé, Àkótógbó ni wàá ti bá ẹrù rẹ.”

Mo gbà bẹ́ẹ̀. Èjìká mi kò tíì jinná tí mo fi gbé àpótí lórí lọ sí Òkìtìpupa.

Àwa obìnrin mọ́kànlá la wà ní kíláàsì. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ni olórí wa, obìnrin kúkurú tó máa ń fi rúlà onígi na èékánná wa bó bá rí ìdọ̀tí lábẹ́ rẹ̀. Ó ní ọwọ́ tó dọ̀tí pa èèyàn ju ìbọn lọ, ó sì ti rí méjèèjì lójú ogun. A kọ́ bí ẹ̀fọn ṣe ń yé, a kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ṣáláńgá, àwa fúnra wa la sì gbẹ́ èyí tí a ń lò. Ní ọjọ́ kan wọ́n rán ọ̀kan nínú wa lọ wo àwọn alápatà. Ó sọ fún alápatà kan pé eṣinṣin pọ̀ lórí ẹran rẹ̀, ọkùnrin náà sì gbé ẹsẹ̀ màlúù, ó fi gbá a lẹ́nu. Ó padà dé pẹ̀lú ètè tó là sí méjì. Olórí wa rán an ní ètè, bó ṣe ń rán an ló ń bi í bóyá ó ka eṣinṣin náà kí wọ́n tó gbá a.

Ẹ̀kọ́ kan wà tó ń tún sọ lójoojúmọ́, bí ìgbà tí èèyàn ń gbàdúrà. Ó ní, “Bí àìsàn bá wọ̀lú, ẹ má bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rò. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n jẹ, ohun tí wọ́n mu, àti ẹni tí wọ́n jọ jẹ ẹ́.” Mo kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé mi. Mi ò mọ̀ pé èmi gan-an ni wọ́n máa bi.

Oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn, wọ́n pín wa sí abúlé-abúlé láti ṣiṣẹ́ lábẹ́ wolé-wolé àgbà. Olúkúlùkù wa ní ìwé iṣẹ́ kan. Ọ̀gá tí a bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ni yóò máa fọwọ́ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí dé ojú ìwé tó kẹ́yìn. Bí ìbuwọ́lù bá wà lójú ìwé yẹn, ìwé-ẹ̀rí ń bọ̀ nìyẹn. Bí kò bá sí níbẹ̀, ọdún kan ti lọ lásán.

Ọ̀gá tèmi ga, ó máa ń wọ ṣòkòtò kákí péńpé, fèrè wà lọ́rùn rẹ̀, àdá kúkurú wà ní ìbàdí rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Agogo mẹ́fà òwúrọ̀ ti máa ń bá a lórí kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n ìkòkò tó bá rí ìdin ẹ̀fọn nínú rẹ̀, kò ní dà á nù, èkù àdá ló máa fi fọ́ ọ. Mo rí i tó fi ọ̀pá kẹ̀kẹ́ na bàbá olórí ilé kan nítorí pé bàbá náà yàgbẹ́ sẹ́yìn ilé ara rẹ̀. Ó máa ń sọ pé ìmọ́tótó kì í gba etí wọlé sí ará oko lára, ẹ̀yìn ló ń gbà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ṣáájú mi ti padà sílé láìgba ìbuwọ́lù, torí wọ́n dá a lóhùn.

Abúlé náà wà lójú ọ̀nà Òde-Ayé. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, àwọn ọmọ wọn ṣì wà láyé. Obìnrin kan gbà mí sílé, kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ. Mùsùlùmí ni ọkọ rẹ̀, oníṣòwò tí kì í sábà gbélé. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rin kan ni Ọlọ́run fún wọn. Obìnrin náà fẹ́ràn àwàdà. Dókítà Ṣáláńgá ló ń pè mí. Bí mo bá ń jẹun lọ́wọ́, á ní, “Dókítà Ṣáláńgá, ṣé o ti wo abẹ́ èékánná rẹ?” Ọmọ rẹ̀ á sì rẹ́rìn-ín títí á fi jókòó sílẹ̀.

Odò kan ṣoṣo ni abúlé náà ní. Ìsàlẹ̀ odò ni wọ́n ti ń pọn omi mímu. Òkè rẹ̀, níbi tí omi ti tẹ́jú, ni ibi ìrẹ̀gẹ́, níbi tí àwọn obìnrin ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe púpurú. Ẹni tí kì í bá ṣe ará Ìkálẹ̀ lè má mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Olúkúlùkù obìnrin ní ojú ibi tirẹ̀ nínú omi, ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ ló ti gbà á. Igi kan ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ síbẹ̀, wọ́n á so àpò ìdọ̀họ mọ́ ọn, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti bó á sì wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tí í fọwọ́ kan ti ẹlòmíràn. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń gbìn níbẹ̀ korò, ó ní oró, omi ló sì ń gba oró náà lára rẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún ni, nígbà òtútù ọjọ́ mẹ́fà. Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó ni pé wọ́n á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Bí àtàǹpàkò bá wọlé bíi pé èèyàn tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, ó ti rọ̀ nìyẹn, wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á yọ okùn rẹ̀, wọ́n á fi òkúta tẹ̀ ẹ́ nínú àpò, wọ́n á mọ ọ́n roboto, wọ́n á sì yan án gbẹ lórí àjà. Bí àtàǹpàkò kò bá wọlé, kò sẹ́ni tí í jẹ ẹ́. Ìyá tó bí ìyá mi ti fi èyí kọ́ mi kí n tó mọ A, B, D.

Ní ọ̀sẹ̀ keje mi níbẹ̀, ìròyìn dé pé onígbáméjì ti wà ní apá odò lọ́hùn-ún, ní ìhà ọ̀dọ̀ àwọn Ìjọ̀. Ẹ̀rù ba ọ̀gá mi, ẹ̀rù náà sì tọ́. Ó wo omi tí ń ṣàn láti ibi ìrẹ̀gẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń pọnmi, ó ní kí gbogbo ẹ̀gẹ́ jáde kúrò nínú odò kí oòrùn Ọjọ́bọ̀ tó yọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ló rán láti lu agogo yí abúlé ká.

Mo lù ú. Ìyá àgbàlagbà kan tó ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó bi mí pé èló ni mò ń ta àkàrà mi. Nígbà tí mo jíṣẹ́ ọ̀gá fún un, ó ní, “Ẹ̀gẹ́ kì í gbọ́ agogo, ọmọ. Ọjọ́ tirẹ̀ ló ń gbọ́.” Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Àwọn kan ti rẹ tiwọn láti ọjọ́ Sátidé, tiwọn á ti tó lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn gan-an láàárọ̀ ni obìnrin tó gbà mí sílé rẹ tirẹ̀, òun ló sì kù fún un láti oko títí di ìkórè mìíràn, torí ọ̀yà ti jẹ ìyókù.

Mo padà lọ bá ọ̀gá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ tán ni mo tó sọ ọ́, bí ọkùnrin. Mo ní kí ó jọ̀wọ́, kí ó fi ọjọ́ mẹ́ta sí i fún wọn, pé ẹ̀gẹ́ tí kò tíì tó májèlé ni. Ó fún mi ní ìgbájú tó jẹ́ kí n rí òkùnkùn. Ó ní ṣé èmi ni mo máa kọ́ òun ní ohun tí ń jẹ́ májèlé. Lẹ́yìn náà ó mú ìwé iṣẹ́ mi lórí tábìlì, ó fi lu tábìlì náà jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

“Ìwé yìí á fọwọ́ sí ara rẹ̀, àbí?”

Mo rántí Àkótógbó. Mo rántí ẹnu tí kò ní eyín. Mo pa ẹnu mi mọ́.

Lọ́jọ́bọ̀, ó wọ bàtà ojò, ó wọnú odò. Àpò tó bá ṣì wà lórí igi, ó ń fi àdá la ikùn rẹ̀, bí ẹni tó ń pa ẹja. Ẹ̀gẹ́ funfun ń tú jáde, omi ń gbé e lọ. Àwọn obìnrin dúró sétí omi. Ọkọ lè nà wọ́n, wọ́n á fara dà á, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fọwọ́ kan ẹ̀gẹ́ nínú omi, olè ni, bí wọ́n bá mú olè bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́, wọ́n á gbé ẹ̀gẹ́ náà lé e lórí, wọ́n á nà án yí ìlú ká. Ìyá àgbàlagbà ọjọ́sí wọ inú omi, ó di àpò rẹ̀ mú mọ́ àyà. Ọ̀gá ní kó jọ̀wọ́ rẹ̀. Kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó fi pẹlẹbẹ àdá gbá a lọ́wọ́, ìka kan là, ẹ̀jẹ̀ sì ń bá ẹ̀gẹ́ lọ sísàlẹ̀, síbi omi mímu. Mo dúró sórí òkè pẹ̀lú agogo mi. Mo ń kọ iye àpò sínú ìwé, torí iṣẹ́ mi ni.

Obìnrin tó gbà mí sílé ti kó tirẹ̀ kúrò kí ọ̀gá tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo délé, ó ti gbé e kalẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ọmọ rẹ̀ ń fi àtàǹpàkò kékeré tẹ ọ̀kan, ó ń ṣe bíi ti ìyá rẹ̀. Àtàǹpàkò náà kò wọlé rárá.

Obìnrin náà kò ṣàwàdà lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, “Ìwọ tó o kàwé. Bí mo bá gún un, tí mo fọ̀ ọ́ dáadáa, tí mo sè é jinná, ṣé kò ní ṣe nǹkan kan?”

Ó yẹ kí n ní ó máa pa yín. Ohun tó wà ní ahọ́n mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ronú pé bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, á sáré lọ sọ fún àwọn yòókù pé ọmọ wolé-wolé ní àṣẹ ọ̀gá rẹ̀ kò dára, ọ̀rọ̀ náà á dé etí ọ̀gá kí oòrùn tó wọ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù fún mi.

Mo ní, “Ọ̀gá ní kí ẹ kó o kúrò nínú odò, ẹ sì ti kó o kúrò.”

Ó wò mí. Ó rò pé mo ti dá òun lóhùn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọkọ rẹ̀ ti lọ kírun Jímọ̀ ní Òkìtìpupa. Èmi wà lọ́dọ̀ ọ̀gá láti àárọ̀, iṣu sísun la jẹ. Agogo méjì ọ̀sán kọjá díẹ̀, wọ́n wá pè wá. Mo bá ọmọ náà nílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó ti bì, ó tún ń bì, kò sí nǹkan nínú rẹ̀ mọ́. Ó di orí rẹ̀ mú. Ó ń fa èémí bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì le gbandi. Ìyá ọkọ obìnrin náà wà lórí ẹní, òun náà ń bì. Obìnrin náà gan-an di ògiri mú, ojú ń yí i, ó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀.

Ọ̀gá mi kò wọlé. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó wò wọ́n, ó sì fọn fèrè. Ó ní onígbáméjì ti dé. Ó na okùn yí ilé ká, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé tàbí jáde. Ó gbé kẹ̀kẹ́, ó kó ìyẹ̀fun apakòkòrò tí wọ́n fi ń tún omi mímu ṣe, tó wà nínú garawa, ó lọ dà á sódò. Gbogbo rẹ̀ ló dà, bẹ́ẹ̀ igbá kékeré kan ni wọ́n kọ́ wa pé ká dà.

Èmi wà nínú okùn. Mo gbé ọmọ náà lé itan mi. Mo wo ìdí rẹ̀, ó gbẹ. Onígbáméjì kì í rí bẹ́ẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ a máa ṣàn bí omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì, aṣọ kì í gbẹ lára ẹni tó bá ní in. Mo bi ìyá rẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n jẹ. Ó nawọ́ sí ìkòkò. Fùfú ni. Ó gún ẹ̀gẹ́ náà, ó fi òkúta tẹ̀ ẹ́ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ó sì rò ó láìyan án, torí ebi ń pa ọmọ.

Ọmọ náà kú lórí itan mi kí àwọn tó lọ oko tó dé. Kò wúwo.

Àwọn ọkùnrin ń ti oko bọ̀, wọ́n gba etí odò kọjá. Wọ́n rí ẹja wẹẹrẹ tó dorí kodò lójú omi, funfun báláú. Wọ́n gbóòórùn oògùn tó ń ta wọ́n nímú. Wọ́n rí ọ̀gá mi tó di garawa òfìfo mú. Lẹ́yìn náà wọ́n gbọ́ igbe láti abúlé. Ta ni kò ní ro ohun tí wọ́n rò?

Ìgbà tí mo sáré dé odò, wọ́n ti ṣẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Egungun náà yọ síta, mo rí i. Wọ́n já fèrè lọ́rùn rẹ̀, wọ́n tì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ọkùnrin mẹ́rin dì í mú níbi ìrẹ̀gẹ́, láàárín àwọn igi tí wọ́n ń so àpò mọ́. Wọ́n ń ri orí rẹ̀ sínú omi, wọ́n á ní kó mu oògùn tó dà, wọ́n á fà á sókè, wọ́n á tún rì í. Ìyá tí ìka rẹ̀ là jókòó sétí omi, ó ń wò. Kò pariwo. Ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ karùn-ún, kí ó rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Mo dúró sẹ́yìn igi ọ̀pẹ kan, mo sì rò ó pé bí ọkùnrin yìí bá kú, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo mọ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà á ṣàánú mi, wọ́n á wá ẹlòmíràn fọwọ́ sí ìwé mi. Mo rò ó débẹ̀. Àkókò tí mo fi rò ó tó ìgbà tí wọ́n rì í lẹ́ẹ̀mejì.

Mo jáde síta. Ọlọ́jà, olórí abúlé náà, wà níbẹ̀. Òun ni mo kúnlẹ̀ fún. Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ dáwọ́ dúró kí n béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, wọ́n fa ọ̀gá sókè, wọn ò fi í sílẹ̀.

Mo ní, “Ta ló mu omi odò láàárọ̀ yìí?”

Gbogbo wọn ló mu ún. Wọ́n ń bínú pé mò ń bi àwọn ní ìbéèrè òmùgọ̀. Mo tún béèrè pé ta ló jẹ fùfú ilé náà. Kò sẹ́ni tó dáhùn, torí àwọn mẹ́ta tó jẹ ẹ́ kò sí níbẹ̀. Mo ti mú ẹ̀gẹ́ kan láti inú èyí tó ṣẹ́kù lẹ́yìnkùlé. Mo nà án sí Ọlọ́jà. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó gé díẹ̀ jẹ, ó tu ú dànù.

Ó ní, “Ẹ̀gẹ́ ọjọ́ méjì nìyí. Ta ló ní kí wọ́n sè é?”

Mo ní, “Ọ̀gá ló ní kí wọ́n kó o kúrò. Oògùn inú omi kọ́ ló pa ọmọ, lẹ́yìn tí ọmọ ti ń bì ló dà á. Ṣùgbọ́n èmi mọ̀. Láti ọjọ́bọ̀ ni mo ti mọ̀. Ìyá ọmọ bi mí léèrè, mi ò dá a lóhùn, nítorí ìwé mi.”

Mi ò mọ̀ pé ìyá ọmọ wà lẹ́yìn mi. Ó ti já okùn, ó ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ọmọ odó tó fi gún ẹ̀gẹ́ náà ló fi ń tilẹ̀. Mi ò gbọ́ ìró rẹ̀. Ìró tó kẹ́yìn tí etí yẹn gbọ́ ni ti igi náà. Mo ṣubú sínú omi. Ó tún gbé e sókè, ó gbá mi léjìká, lórí àpá bàbá mi gan-an. Wọ́n ní àwọn tó di ọ̀gá mú fi í sílẹ̀, wọ́n ń wò wá. Wọ́n ní Ọlọ́jà ló wọ inú omi, tó dúró lé mi lórí, tó gba ọmọ odó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òkú kan tó fún ọjọ́ kan.

Lọ́rì elépo kan ló gbé wa lọ sí Òkìtìpupa, èmi àti ọ̀gá, láàárín àwọn dúrọ́ọ̀mù epo pupa. Epo náà ń jò. Bí lọ́rì bá ti yà, a ó yọ̀ lọ bá ara wa, á kígbe nítorí ọwọ́ rẹ̀, èmi náà á kígbe nítorí orí mi. Wọ́n gbé obìnrin náà àti ìyá ọkọ rẹ̀ wá lẹ́yìn wa. Àwọn méjèèjì yè.

Ní ọjọ́ kẹrin, ọ̀gá mi ránṣẹ́ pè mí síbi bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ìwé iṣẹ́ mi wà lórí ikùn rẹ̀. Kò bú mi. Ó dúpẹ́ pàápàá, lọ́nà tirẹ̀. Ó ní, “Kọ onígbáméjì síbẹ̀. Màá fi ọwọ́ òsì buwọ́ lù ú, kí olúkúlùkù máa lọ sílé.”

Mo gba ìwé náà. Mo jókòó sí ìta lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, mo sì rò ó bí èèyàn ṣe ń ro iṣẹ́ oko. Bí mo bá kọ onígbáméjì, lọ́dún tó ń bọ̀ wọ́n á tún dé pẹ̀lú agogo, wọ́n á tún lé ẹ̀gẹ́ jáde lọ́jọ́ kejì, ọmọ mìíràn á tún tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ni mo rò. Mi ò rò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í ṣe pé mo gbójú. Mo kọ ohun tí wọ́n jẹ, ohun tí wọ́n mu, àti ẹni tí wọ́n jọ jẹ ẹ́. Mo kọ ìbéèrè tí obìnrin náà bi mí, mo kọ ìdáhùn mi. Ọ̀gá kà á, ó sọ ìwé náà lù mí lójú, ó yíjú sí ògiri.

Mo wé orí mi, mo wọ lọ́rì padà sí abúlé náà. Ọlọ́jà pe àwọn èèyàn sábẹ́ igi. Mo kà á fún wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìyá ọmọ náà jókòó sọ́wọ́ òsì mi, nítorí náà mi ò gbọ́ nígbà tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní láti fọwọ́ kàn mí.

Ó ní, “Tìẹ náà wà níbẹ̀? Pé mo bi ọ́?”

Mo ní ó wà níbẹ̀. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ọlọ́jà ti fi oje igi kan ṣe tàdáwà, ó ti tẹ àtàǹpàkò tirẹ̀ sójú ìwé tó kẹ́yìn. Obìnrin náà fa ìwé náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó rẹ àtàǹpàkò rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń wò ó bóyá nǹkan ti rọ̀. Kò sọ pé òun dárí jì mí. Ó dìde, ó lọ sílé.

Nọ́ọ̀sì àgbà ka ìwé náà lójú mi. Ó béèrè ibi tí ìbuwọ́lù ọ̀gá wà. Mo ní kò sí, àtàǹpàkò méjì ló wà níbẹ̀. Ó fi rúlà rẹ̀ na ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹ́fà, mẹ́ta-mẹ́ta, ó sì le, ó ní ti ẹnu tí mo pa mọ́ lọ́jọ́bọ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló mú kálámù rẹ̀, ó buwọ́ lù ú fúnra rẹ̀.

Bàbá mi dorí ìwé-ẹ̀rí náà kodò nígbà tí mo gbé e fún un, kò mọ̀wé. Ó wo ọ̀já tó wà lórí mi. Ó béèrè ẹni tó nà mí, mo ní èmi ni mo fà á. Ó gbé ẹnu rẹ̀ dúró gẹ́gẹ́ bó ti wí.

Èmi fúnra mi ló bẹ̀ wọ́n kí wọ́n rán mi padà sí abúlé yẹn. Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé a gbẹ́ kòtò ìrẹ̀gẹ́ sí òdìkejì, níbi tí omi rẹ̀ kò ti lè ṣàn dé ibi omi mímu, a fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, a sì ri igi mọ́ ọn kí olúkúlùkù lè ní ojú ibi tirẹ̀. Ìyá tí ìka rẹ̀ là ló kọ́kọ́ so àpò tirẹ̀, ó ní bí àdá bá wọ ibẹ̀, orí mi ló máa là. Ìyá ọmọ ló so tirẹ̀ kẹ́yìn, lẹ́yìn oṣù púpọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ bá ti lo ọjọ́ márùn-ún, á mú ẹyọ kan wá sí ẹnu ọ̀nà mi kí ó tó fọ́ ọ, á nà án sí mi. Màá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, màá ní ó ti tó, á sì máa lọ. Gbogbo ọdún tí mo fi wà níbẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n tẹ̀ jù mí lọ, mi ò sì fìgbà kan rí sọ fún un pé kó máa tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀.